Ohun Tí Àgbọ̀nrín Bàbá Mi Lè Jẹ

Òórùn ewé ìyeyè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máa ń kan díẹ̀, ó sì máa ń tutù nímú. Bí mo bá gbọ́ ọ níbikíbi lónìí, kíá, mo ti padà sí ẹ̀yìnkùlé bàbá mi ní Múṣín, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń rọ̀ láàárọ̀, tí òórùn ara ẹran máa ń pa pọ̀ mọ́ èéfín igi tí ìyá mi fi ń dáná. Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n bí ní Yábàá, ọmọ tíṣà, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, o lè má mọ Múṣín ìgbà yẹn. Mo ń sọ nípa nǹkan bí ọdún mélòó kan kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Tó o bá ti yà kúrò lójú títì báyìí, oko ẹ̀gẹ́ ni, àbàtà ni, ilé télọ̀ kan níhìn-ín, ilé oníṣòwò kan lọ́hùn-ún. Ilé wa wà láàárín wọn. Níwájú ilé, àgbò bàbá mi. Lẹ́yìn ilé, àgbọ̀nrín.

Bẹ́ẹ̀ ni, àgbọ̀nrín. Má rẹ́rìn-ín, gbogbo Múṣín ti rẹ́rìn-ín náà tán kó o tó dé.

Iṣẹ́ àgbò títà ni bàbá mi bá lọ́wọ́ bàbá tiẹ̀. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, ilé wa ni àwọn mùsùlùmí máa ń rọ́ wá, láti Ìpọ̀nrí títí dé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, nítorí kò sí ẹni tó mọ àgbò ọdún bọ́ bíi tiẹ̀. Á rẹ ọkà bàbà sómi mọ́jú, á pò ó mọ́ eèrí ògì àti èèpo ẹ̀wà, á bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Àgbò tó wọlé pẹ̀lú egungun ìhà níta, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa rìn bí olóyè. Ọdẹ kan láti ọ̀nà Ọ̀tà ló wá gbé ọmọ àgbọ̀nrín mẹ́ta fún un lọ́jọ́ kan, akọ kan, abo méjì, tí àwọn ìyá wọn ti kú sínú igbó. Wàrà ewúrẹ́ aládùúgbò la fi tọ́ wọn. Àtìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti kó sí bàbá mi lórí. Ó ní ẹran igbó ń tán nínú igbó, ẹni tó bá lè sìn ín nílé, tó ń bímọ nílé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ayé máa wá kẹ́yìn. Tó bá ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ á máa dán, á dà bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà fún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣe ni pé ó mọ àgbò jù. Nígbà tí Iléyá ọdún kan ń bọ̀, tó ń bọ́ àwọn àgbò sanra, ó ní kí àwọn àgbọ̀nrín náà jẹ nínú ọkà náà, kí ara tiwọn náà le. Ta ló máa sọ fún un pé kò dáa? Oúnjẹ tó gbayì jù nílé ló bù fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn abo jẹ, ó jẹ, ó tún padà wá jẹ. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ òsì ti wú, ó ń lọ eyín, kò lè dùbúlẹ̀, kò sì lè dúró. Ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Dókítà ẹran ti ìjọba, tó máa ń wá wo àwọn àgbò wa, ló là á nínú. Òórùn kíkan tó jáde níbẹ̀, mi ò lè gbàgbé. Dókítà náà ní ẹran tó ń já ewé jẹ lẹ́ran yìí. Bí ọkà bá pọ̀ lójijì nínú rẹ̀, á kan, á wú, á sì pa á. Bàbá mi wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé wọ́n já a kulẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo dá sí i. Mo ti jáde ilé ìwé, mo ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ẹnu mi sì mú. Ó ṣì mú. Mo sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ máa bá àgbò yín lọ. Ẹ fi àwọn àgbọ̀nrín yìí sílẹ̀ fún mi."

Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń jẹ ni?"

Mo ní, "Rárá. Àwọn fúnra wọn ni mo máa bi."

Báyìí ni mo ṣe bi wọ́n. Màá so ewé oríṣi kan ṣoṣo kọ́ ara ọgbà, màá jókòó tì wọ́n pẹ̀lú aṣọ tí mo ń rán. Bí wọ́n bá gbóòórùn rẹ̀ tí wọ́n yí orí kúrò, ó parí. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, ìwọ̀nba ni màá fún wọn, màá wá máa wò wọ́n títí wọn yóò fi dùbúlẹ̀ jẹ àpọ̀jẹ. Ẹran tó bá ń jẹ àpọ̀jẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ara rẹ̀ yá nìyẹn. Èyí tó bá ranjú kalẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ò mì, kó o yáa gbé oúnjẹ kúrò. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ọ̀rẹ́ mi, èmi ojú ni mo fi ń ṣọ́ ikùn àgbọ̀nrín. Ewé ìyeyè dára, ewé odán dára, ewé ọ̀dùnkún àti ti ilá dára. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù tí àwọn onígàrí ń kó dà nù, mi ò jẹ́ kó wọ ọgbà, nítorí oró wà nínú rẹ̀. Àfi èyí tí mo bá sá sóòrùn títí tó fi ń ṣẹ́ kàákàá lọ́wọ́, ìyẹn náà, díẹ̀ ni. Mo ní kí wọ́n hú gbogbo igi làpálàpá tí bàbá mi fi ṣọgbà, torí olóró ni. Ó bínú. Ó ní ewúrẹ́ kì í jẹ làpálàpá. Mo ní ewúrẹ́ tó bá fẹ́ jẹ nǹkan mìíràn á rìn lọ sójúde; èyí tí a tì mọ́lé, ohun tó bá rí ló máa já jẹ. Ó hú u.

Àbúrò bàbá mi ló kó wàhálà gidi wá. Ìjọra ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ń kẹ́rù sí, ọkùnrin dáadáa ni, ọ̀yàyà rẹ̀ pọ̀. Ìgbà yẹn ni ìjọba ń wólé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn tí wọ́n lé jáde sì ń wá yàrá kiri bí ẹni ń wá omi. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa, ilẹ̀ bàbá àwọn méjèèjì ni. Ó ní kí wọ́n kọ́ yàrá sí i. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "àwọn èèyàn ń sùn mọ́ ara wọn nínú pálọ̀, ẹ̀yin ń kọ́lé fún ẹran." Ohun tó sọ kò burú, òótọ́ ni. Wọ́n gbé e dé iwájú àwọn àgbà ẹbí. Àwọn yẹn ní ó dáa: bí abo tó kù yìí bá bímọ, tí ọmọ náà sì yè, kí wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá mi ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tú ọgbà náà ká kí birikì bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi gbà, àbúrò rẹ̀ náà gbà. Abo náà ti gbọyún nígbà yẹn. Gbogbo ohun tí bàbá mi fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe wà nínú ikùn ẹran kan, oúnjẹ ẹran náà sì wà lọ́wọ́ mi.

Mi ò fi ṣeré rárá. Kódà àbúrò bàbá mi fúnra rẹ̀ gbé àpò àkàrà ẹ̀pà kan, ìyẹn ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tán, wá láti Ìjọra, pé kí n fún wọn jẹ, pé òun ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ń gbàdúrà ibi. Mo fọ́ ọ, ó ti bu, ó funfun nínú, òórùn ilé tí òjò ń jò sí ló ń yọ. Mo kí i dáadáa, mo sì kó o sínú iná lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọbìnrin yìí, ọkọ tó máa fẹ́ ọ, kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́." Mo ní àmín.

Kí n tó sọ ti Àǹtí, ó yẹ kó o mọ̀ pé ìyàwó méjì ni bàbá mi ní. Ìyá mi ni ìyáálé. Àǹtí ni ìyàwó kékeré, a ò pè é lórúkọ mìíràn. Ó ti wà nílé ọkọ kan kó tó wá sọ́dọ̀ bàbá mi, kò sì tíì bímọ rí. Ọmọlúàbí ni. Nítorí pé wọ́n ti bí mi kó tó wọlé, kì í pè mí lórúkọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló sọ mí, ẹ ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà ń fi ẹ bá a sọ̀rọ̀ torí ó jù mí lọ. Òun àti ìyá mi kì í jà, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹun nínú ìkòkò ara wọn. Ìwọ náà kúkú mọ bí ilé olórogún ṣe máa ń rí.

Ní àárọ̀ Jímọ̀ kan, ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà ọgbà pẹ̀lú abọ́ tánganran ńlá kan tó fi ìdérí bò. Ó kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn. Ó ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn." Àfáà kan ló ní kó ṣe sàárà: kó rẹ àgbàdo àti ẹ̀wà, kó pò ó mọ́ oyin, kó gbé e fún ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó lóyún nínú ilé ọkọ rẹ̀, kó jẹ ẹ́ tán, kí oyún náà lè ràn án. O rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí? Àgbò ni bàbá mi ń tà, akọ ni gbogbo wọn. Nínú gbogbo ilé wa, ẹran kan ṣoṣo ló lóyún.

Mo ṣí abọ́ náà. Ọkà tó ti wú ló kún un dẹ́nu, oyin ń dán lórí rẹ̀, ó ń ta sánsán. Àgbọ̀nrín náà ti gbóòórùn oyin, ó ti na ọrùn wá.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́."

Ó rò pé mo ń ṣeré. Ó ní, "Sàárà ni o."

Mo ní, "Mo mọ̀. Sàárà náà ló máa pa á."

Ó dìde díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra béèrè pé, "Ṣé ìyá yín ló ní kẹ́ ẹ má gbà á?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi bí abẹ́rẹ́. Kò tíì di ọ̀sán tó ti dé etí kànga, àwọn obìnrin àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu kùn ún: ìyáálé ti di ìyàwó nínú, ọmọ rẹ̀ ló fi ṣe aṣọ́nà. Bàbá mi gbọ́, ó gba Mọ́ṣáláṣí lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Ta ni kó gbà gbọ́, èmi ọmọ rẹ̀ tàbí ìyàwó tó ń wá ọmọ? Ìyá mi ló pè mí wọ yàrá. Ojú rẹ̀ ti wú.

Ó ní, "Fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọgbà. Ẹran lẹran ń jẹ́, bó bá kú a máa rí òmíràn. Orúkọ mi tí wọ́n ń bà jẹ́ yìí, níbo la ti fẹ́ rí òmíràn?"

Ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ràn ìyá mi. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé mo tọ̀nà, nítorí mo ti gbóòórùn inú abo àkọ́kọ́. Mo mú kọ́kọ́rọ́ náà dání, mo sì gba yàrá Àǹtí lọ. Ó jókòó sórí ẹní, abọ́ náà wà níwájú rẹ̀ síbẹ̀. Mi ò bẹ̀ ẹ́, mi ò sì wé ọ̀rọ̀ náà sínú ewé fún un.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ká ní mo ṣílẹ̀kùn, ẹran yìí jẹ sàárà yín, ilẹ̀ mọ́, ó ti kú toyún toyún. Kí lẹ rò pé wọ́n máa sọ létí kànga? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Wọn ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀wà, wọn ò ní sọ̀rọ̀ àgbàdo. Ọwọ́ yín ni wọ́n máa sọ."

Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀ láìsí ohùn kankan. Lẹ́yìn náà ló ní, "Wọ́n ti sọ ọ́ rí. Nílé ọkọ mi àkọ́kọ́, ewúrẹ́ ìyá ọkọ mi kú lẹ́yìn tí mo fún un lómi. Òun náà lóyún. Wọ́n ní èmi ni mo fi ojú burúkú wò ó."

Mo jókòó tì í lórí ẹní náà. Nígbà tó yá, mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ bá àfáà. Ó nu ojú, ó so gèlè, a jọ jáde lójú gbogbo àwọn tó wà létí kànga, a kí wọn dáadáa, a sì kọjá.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àfáà, bí ọkà ṣe pa abo àkọ́kọ́ àti ìdí tí mo fi sọ pé rárá. Mo wá bi í pé, "Àfáà, sàárà tó bá pa ẹni tó jẹ ẹ́, kí la ń pe ìyẹn?" Àǹtí fọwọ́ tọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí n rọra. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n. Ó ní ewúrẹ́ ló wà lọ́kàn òun, òun ò mọ̀ pé àgbọ̀nrín wà láyé tó ń gbé nílé. Ó ní ohun tó bá máa ṣe ẹran náà lóore ni sàárà, kó fún un ní ìyẹn, kó sì máa ṣe é títí ẹran náà yóò fi bí.

Bí Àǹtí ṣe di agéwé nìyẹn. Bí ó bá ti kírun àárọ̀ tán, á gba ọ̀nà Ìpọ̀nrí lọ, níbi tí igi ìyeyè pọ̀ sí nígbà náà, á sì ru ìdì ewé bọ̀ tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Mo kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí mo mọ̀: kó má gé ewé tó ti rọ tàbí tó ní funfun lẹ́yìn, kó má kó gbogbo ewé tuntun lé e lẹ́ẹ̀kan náà, kó dúró kó rí i pé ó jẹ àpọ̀jẹ kó tó kúrò níbẹ̀. Ó yára mọ̀ ọ́n. Mo rántí ọjọ́ kan tí aládùúgbò kan fi inú rere ru ewé ọ̀dùnkún wá fún wa, ó tutù yọ̀yọ̀, èmi ti nawọ́ gbà á. Àǹtí gbé e sí imú. Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n níbo lẹ ti gé e?" Obìnrin náà ní ẹ̀bá gọ́tà ni. Àǹtí dá a padà fún un pẹ̀lú ẹ̀rín, torí àwọn wolé-wolé ti da òróró tí wọ́n fi ń pa ẹ̀fọn sí gọ́tà yẹn lọ́sẹ̀ náà, òun sì ti gbóòórùn rẹ̀. Obìnrin náà ò bínú. Àǹtí mọ bí wọ́n ti ń sọ pé rárá ju èmi lọ; tèmi máa ń dun èèyàn, tiẹ̀ kì í dùn wọ́n.

Abo náà bí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣẹ́. Àǹtí ló kọ́kọ́ rí i. Kò pè mí, kò pe bàbá mi. Yàrá ìyá mi ló gbà lọ tààrà, ibi tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀ láti ọjọ́ sàárà, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyáálé mi, ó ti bí. Ó ti dìde dúró." Ìyá mi fa aṣọ mọ́ra, wọ́n jọ sáré gba ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, àwọn méjèèjì ti fi ara ti ọgbà, wọ́n ń wo ọmọ pupa kékeré kan tí àmì funfun wà lára rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ń lá. Bàbá mi dé tẹ̀lé mi. Ó kàn ń fọwọ́ pa ojú ni. Ọmọ náà yè, ó já ewé jẹ, ó dàgbà. Àbúrò bàbá mi mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, ó kọ́ yàrá tiẹ̀ síbòmíràn, àgbọ̀nrín sì ń bí nínú ọgbà wa títí bàbá mi fi filẹ̀ ṣaṣọ bora. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni birikì dé, bó ṣe dé ibi gbogbo ní Múṣín.

Wàá fẹ́ bi mí bóyá Àǹtí bímọ. Kò bí. Ọlọ́run ò fún un lọ́mọ, ó sì dùn mí lónìí bó ṣe dùn mí nígbà náà. Ṣùgbọ́n láti ọdún yẹn, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni létí kànga, ní ọjà tàbí nínú ẹbí, pé ọwọ́ obìnrin yẹn ò dáa. Fún ìgbà pípẹ́, mo rò pé ẹran ni mo gbà là nígbà tí mo di kọ́kọ́rọ́ yẹn mú, tí mo sì gba ilẹ̀ fún bàbá mi. Mo máa ń fi yangàn, ìwọ náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí. Ìgbà tí ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe gan-an.

Oúnjẹ kankan ò wọ ìyá mi lẹ́nu mọ́ nígbà yẹn. Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin wá láti Abẹ́òkúta, wọ́n se tiwọn wá, wọ́n sì ń sọ sí i létí pé kó ṣọ́ra, pé èèyàn kì í jẹ lọ́wọ́ orogún lórí ibùsùn àìsàn. Èmi náà se ọbẹ̀ wá láti ilé ọkọ mi. Ìyá mi gbóòórùn gbogbo rẹ̀, ó sì yí orí sí ògiri. Ó wá ní kí wọ́n gbé e jókòó. Ó wo àwọn àbúrò rẹ̀, ó wo èmi ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi pe ìyàwó mi. Ohun tó bá sè ni mo máa jẹ."

Àǹtí gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé, ó jókòó sétí ibùsùn, ó sì ń fi ṣíbí bu ú sí i lẹ́nu. Bí ìyá mi bá gbé ọ̀kan mì, Àǹtí á dúró dè é, á wo ojú rẹ̀ dáadáa, kó tó bu òmíràn.